Gómìnà Onípátákò

Nọ́ọ̀sì Ṣówándé ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Fóókò.
Ó ní ẹṣin ni wọn ó fi tọ́jú ọmọ mi.
Mo da omi ọṣẹ nù, mo wò ó lójú:
ẹṣin? Èyí tí àwọn olówó ń gùn gbá bọ́ọ̀lù?
Ṣé ẹṣin ni yóò san owó ilé oṣù mẹ́jọ?

Ìyíọlá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fi èékánná họ ògiri.
Láti òru tí bàbá rẹ̀ ti fọ́ àwo tó kẹ́yìn,
tó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, tí kò wẹ̀yìn,
ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ti ẹnu rẹ̀ pa.
Eyín nìkan ló fi ń dáhùn.
Ó ti gé ọmọ mẹ́ta jẹ níléèwé,
àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ tíṣà.

Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀.
Mo pa òwe títí, òwe tán lẹ́nu mi,
ọ̀rọ̀ ọmọ mi ò padà wálé.
Ó wá ku ẹṣin gidi, onírù, onípátákò.

Ọjọ́bọ̀, a dé ẹ̀bá omi Èlẹyẹlé.
Ẹṣin ọ̀hún ti darúgbó, orúnkún rẹ̀ wú,
àwọn tó ń gùn ún tẹ́lẹ̀ ti lọ ra ọ̀dọ́.
Gómìnà ni wọ́n sọ ọ́.
Mo rí káróòtì tí wọ́n kó síwájú rẹ̀,
mo ṣírò rẹ̀: owó ọbẹ̀ ọjọ́ méjì.
Inú bí mi sí ẹranko. N ò ní purọ́.

Sálámì, ará Ìlọrin tó ń tọ́jú wọn,
kò bi ọmọ léèrè ohunkóhun.
Ó kàn na búrọ́ọ̀ṣì sí i.
"Bí àyà rẹ bá ń já, yóò mọ̀.
Bí inú bá ń bí ọ, yóò mọ̀.
Kò burú. Ṣáà dúró síbi tó ti lè rí ọ."

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìdí máńgòrò ni Ìyíọlá dúró sí.
Ọ̀sẹ̀ kejì, òjò; a ò tiẹ̀ rówó ọkọ̀.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gé ẹṣin jẹ.
Gómìnà gbé orí sókè, ó fẹsẹ̀ kan sẹ́yìn,
ó fọn imú.
Kò nà án. Kò bú u. Kò kó ẹrù kó lọ.
Ó tún gbé ọrùn rẹ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.
Ọmọ náà ń wò ó bí ẹni rí èèmọ̀.

Ọjọ́ kan, ó ń gbọn eruku lára rẹ̀,
ẹṣin fara tì í, ó há a mọ́ ògiri,
mo ti dìde, mo fẹ́ figbe ta,
ni mo gbọ́ ohùn kan,
bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dípẹtà:
"Sún."

Sún! Ọ̀rọ̀ inú yàrá wa ni.
Àwa márùn-ún lórí ẹní kan,
bílẹ̀ bá ti ṣú, ẹnì kan ń sọ ọ́ fún ẹnì kejì,
sún, sún,
ògiri ò sì níbi tí yóò sún sí.
Gómìnà gbọ́. Ó gbé pátákò kan, ó gbé ìkejì,
ẹranko ńlá tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé,
ó sún fún ọmọ mi.
Gómìnà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbọ́ tiwa.

Ẹ má sọ pé mo ní ó ti tán.
Onílé ṣì ń kanlẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ ò tíì dé.
Ìyíọlá tún gé ẹnì kan jẹ lóṣù tó kọjá.
Ṣùgbọ́n lánàá, aṣọ oníbàárà jóná mọ́ mi lábẹ́ áyọ́ọ̀nù,
mo ń ké, mo ń bú orí tó gbé mi wáyé,
ó wá láti ẹ̀yìn mi,
rárá o: ó kọ́kọ́ yí wá síbi tí mo ti lè rí i,
ó na àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi pa mí lọ́rùn,
láti òkè wálẹ̀, láti òkè wálẹ̀,
bí ẹni ń gbọn eruku.

Mo fọn imú.
Mo sún. Ó jókòó.